Fìlà Pupa àti Òjò Oṣù Keje

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Láti òní lọ, ojú ọ̀run kò ní lè fi ohunkóhun pamọ́ fún ará ìlú yìí mọ́. Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló sọ bẹ́ẹ̀, lórí ìdúró, pẹ̀lú ọwọ́ kan láyà. Ó ní inú òkùnkùn ni àwọn baba wa wà nípa ọ̀rọ̀ òjò, òkùnkùn náà sì parí ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ yìí. Bó ṣe sọ ọ́ tán ni omi kán láti òkè àjà sórí ìwé tó ń kà, ó tún kán lẹ́ẹ̀kejì. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé òjò ti ń rọ̀ níta láti bí ìdajì wákàtí.

Wọ́n gbà mí láti máa tún èdè àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ṣe, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, nítorí àwọn òǹwòran kọ̀wé wá pé ẹni tó kà á fún ìdánrawò lọ́sẹ̀ tó kọjá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ta oògùn eku. Ẹni tó ń kà á náà, akẹ́kọ̀ọ́ mi ni nígbà kan rí. Ọdún méjìdínlógún ló fi ṣe aláwàdà káàkiri gbogbo gbọ̀ngàn tó wà lágbègbè yìí. Dìndìnrìn ni wọ́n ń pè é, òun ló sì sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé e wá sídìí ojú ọjọ́ nítorí kò sílé tí wọn ò ti mọ ojú rẹ̀. Oṣù méjì ni wọ́n fi ń dán an wò. Bí oṣù keje bá parí, wọ́n á fún un ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, tàbí kí wọ́n ní kó padà sídìí ẹ̀fẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí mo wọlé, ó dìde lórí àga, bí wọ́n ṣe máa ń dìde ní kíláàsì. Ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì.

Ìyàwó mi ní inú òun dùn pé mo ti rí ibòmíràn tí n ó ti máa fi bíírò pupa dààmú ọmọ ọlọ́mọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Oòrùn. Búrẹ́dì ti gbówó lórí, ó sì tún fúyẹ́ sí i. Ó jọ pé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi owó kún.

Mo lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe ètò ojú ọjọ́ náà. Kò sí máàpù kankan lẹ́yìn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Aṣọ aláwọ̀ ewé lásán ni wọ́n ta mọ́ ògiri. Ó ń nawọ́ sí ibi tí kò sí nǹkan, ó ń yọjú wo tẹlifíṣọ̀n kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè mọ̀ bóyá orí odò ni ọwọ́ òun wà tàbí orí òkè.

Mo ní, "Ìyẹn ni pé ìwọ fúnra rẹ kì í rí ohun tí o ń fi hàn wá."

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe kọ́ wa ní jọ́gíráfì, sà."

Mo ti rẹ́rìn-ín kí n tó mọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo bá a wí.

Fìlà kan wà tí ọ̀gá àgbà ní kò gbọdọ̀ kúrò lórí rẹ̀. Fìlà pupa ni, kò tó orí ọmọ ọdún mẹ́fà, òun ló ń dé ní gbogbo ọdún tó fi ṣe aláwàdà. Ó jókòó sórí rẹ̀ bí ìdérí ìgò. Ọ̀gá àgbà ní, "Tíṣà, fìlà yẹn la gbà síṣẹ́. Orí tó wà lábẹ́ ẹ̀, èèyàn lè rí òmíràn." Ẹni tó ni orí náà dúró níbẹ̀, ó ń gbọ́. Ó tilẹ̀ bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Òjò díẹ̀ lọ́sàn-án.

Ìyá rẹ̀ wá kí mi. Ìsàlẹ̀ odò ló ń gbé, ilé kẹta sí afárá, níbi tí ilẹ̀ ti jin bí àwo ọbẹ̀. Ó mú ìwé kan dání tó ti pọ́n láti ìgbà pípẹ́: káàdì ìdánwò ọmọ rẹ̀, kíláàsì kẹrin, ọwọ́ ìkọ̀wé mi sì wà nísàlẹ̀. Mo kọ ọ́ báyìí: "Ọmọ yìí ń jiyàn jù. Yàtọ̀ sí kó máa pani lẹ́rìn-ín, n kò rí ohun tí yóò wúlò fún."

Ó ní, "Ọ̀rọ̀ yín ṣẹ, Tíṣà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi yí i padà kí n tó kú."

Mo sọ fún un pé ọmọ mẹ́tàdínlógójì ni mo kọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún lọ́dún náà, ọmọ tirẹ̀ nìkan ló gbọ́ràn.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní nígbà tọ́mọ òun ń ṣeré, ìjókòó iwájú ni tòun ní gbogbo gbọ̀ngàn, òun ló ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí àwọn tó kù lè mọ̀ pé ó ti yá. Ó ní ṣùgbọ́n ẹ̀rín kì í sin ìyá. Ó fẹ́ kí wọ́n máa pe ọmọ òun ní ọ̀gá kan ní ibì kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Kùukùu láti àárọ̀, kò rọ̀.

Mo yọ "òjò alágbára ńlá gidi gan-an" kúrò nínú ìwé tòní, mo fi "òjò ńlá" rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀gá àgbà ló kọ ọ́. Mo ní ìdí tí mo fi yọ ọ́ nìyẹn.

Ọ̀gá àgbà ti pàṣẹ pé ẹ̀fẹ̀ mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ti àná: "Ní apá òkè, ooru yóò dúró bí ìyá ìyàwó tó lóun wá lo ọ̀sẹ̀ méjì." Gbólóhùn náà kò ní àṣìṣe, mo sì fi sílẹ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́, èmi àti ọmọkùnrin náà jọ jókòó lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé. Ó sọ fún mi pé òun ń lọ sí ọ́fíìsì ojú ọjọ́ ní gbogbo àárọ̀, pé òṣìṣẹ́ àgbàlagbà kan níbẹ̀ ń kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń ka ẹ̀fúùfù. Nínú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ohun tó sọ ṣẹ nínú méje. Kò sẹ́ni tó kíyè sí i.

Ó ní, "Tíṣà, ẹnì kan ṣoṣo ni mò ń wá. Kí ẹnì kan péré gbé agboòrùn jáde nílé ẹ̀ torí pé mo ní òjò máa rọ̀. Tí mo bá rí ẹni yẹn, kí wọ́n gba fìlà, kí wọ́n gba lẹ́tà, mo ti jẹun yó."

Mo ní kó wá méjì, nítorí ẹnì kan lè jẹ́ wèrè.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ó ní yóò rọ̀ ní agogo mẹ́rin. Ó rọ̀ ní mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Gbogbo ìlú ló rin gbingbin.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ó sáré wá bá mi, èémí rẹ̀ ò balẹ̀. Ó ti rí ẹni náà. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ní iwájú ilé iṣẹ́ gbé agboòrùn wá lówùúrọ̀, oòrùn sì ń ràn gan-an, bẹ́ẹ̀ ó ti sọ lálẹ́ àná pé òjò ń bọ̀ lọ́sàn-án. Mo bá a lọ. Ó fi ọ̀wọ̀ bi í léèrè pé, "Màmá, ṣé torí ohun tí mo sọ lẹ fi gbé e?"

Obìnrin náà ní, "Kí lo sọ? Ajá ni mo fi ń lé."

Òjò rọ̀ lọ́sàn-án. Obìnrin náà dúró sábẹ́ agboòrùn ajá rẹ̀, omi ò kàn án. Ọmọkùnrin náà ní a lè ka ìdajì rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Eyín ń ro mí. Ìyàwó mi àti àwọn ọmọbìnrin méjì tó wà ní ilé kejì ń wo fídíò àtijọ́ ọmọkùnrin náà ní pálọ̀, wọ́n ń pariwo ẹ̀rín bí ẹni tí wọ́n ń rin ní ìhà. Wọ́n ní kí n wá wò ó. Mo ní n kò wo irú rẹ̀ rí láti ọdún méjìdínlógún, n kò ní bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ mi. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá, mo ka ìwé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì oṣù keje

Ẹni tó ń tún iná ṣe ní ilé iṣẹ́ wọn kú lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n sin ín lónìí. Ọmọkùnrin náà wọ aṣọ dúdú, kò dé fìlà, ó tẹ̀ ba láti kí opó. Opó náà gbójú sókè, ó rí ẹni tó ń kí òun, ẹ̀rín sì bú yọ lẹ́nu rẹ̀. Kò lè dá a dúró. Ó fi aṣọ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì, àwọn tó wà lẹ́yìn náà bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sunkún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àbúrò olóògbé mú ọmọkùnrin náà ní apá, ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, ẹ máa lọ sílé. Ojú yín ò yẹ ibí yìí."

Ó sọ ọ́ fún mi láìrojú. Ó ní, "Sà, tí mo bá kú, báwo ni wọ́n ṣe máa sin mí?"

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin

Mo ti rí ojútùú rẹ̀. Mo sùn lé e lórí, mo jí pẹ̀lú rẹ̀.

Mo sọ fún un pé ọ̀rọ̀ náà kò le. Ọ̀gá àgbà ní fìlà kò gbọdọ̀ kúrò; a gbà fún un. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ohun tó fẹ́ sọ bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ikú tàbí ìyè, kí ó ṣí i, kí ó gbé e sáyà, kí ó tó sọ̀rọ̀. Mo là á yé e pé láti ìgbà tí ọmọ aráyé ti ń dé fìlà ni wọ́n ti ń ṣí i fún ohun tó bá wúwo. Mo mú ẹ̀rí wá láti inú ìwé mẹ́ta. Mo ní òpè pàápàá yóò mọ̀ pé eré ti parí.

Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wá ní, "Sà, fìlà yẹn, tí mo bá ṣí i, àwọn èèyàn..."

Mo ní, "O tún ti bẹ̀rẹ̀. Kíláàsì kẹrin náà nìyí. Má jiyàn."

Ó ní, "Ẹ má bínú, sà."

Mo padà sílé pẹ̀lú inú dídùn ẹni tó ti kọ́ni ní nǹkan. Mo ra tòmátì bọ̀ lọ́nà. Ó wọ́n, mo sì rà á síbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ

Òjò, òjò, òjò. Ògiri ilé ìdáná ti ń hu ewé. Odò ga dé àmì funfun tó wà lára òpó afárá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Mo fẹ́ kọ ti òní bó ṣe tẹ̀lé ara wọn.

Ní agogo mẹ́rin, òṣìṣẹ́ àgbàlagbà ọ́fíìsì ojú ọjọ́ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, sálúbàtà ló wọ̀, ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òjò ti rọ̀ lókè odò fún ọjọ́ méjì láìdá, ìjì mìíràn tún ń bọ̀ lálẹ́ yìí, kí ilẹ̀ tó mọ́ omi yóò ti wọ gbogbo ilé tó wà nísàlẹ̀ odò. Ó ní, "Kí wọ́n kúrò níbẹ̀. Ẹ má sọ pé lọ́la. Ẹ sọ pé lónìí."

Ọ̀gá àgbà ka ìwé náà, ó ní ìròyìn burúkú máa ń lé àwọn tó ń polówó ọjà sá, ṣùgbọ́n kò burú, kí wọ́n kà á, ìṣẹ́jú mẹ́ta náà ni.

Èmi ni mo kọ ohun tó kà. Mo yọ gbogbo ẹ̀fẹ̀ kúrò. N kò tíì kọ nǹkan tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ láyé mi: gbólóhùn méje, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó lé. Mo fi lé e lọ́wọ́, mo ní, "Òní ni ọjọ́ fìlà."

Ó wò mí. Ó ní, "Ó dá yín lójú, sà?"

Mo ní, "Ó ti dá mi lójú láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

Mo wá sílé láti wò ó níbi tí àwọn ènìyàn ti ń wò ó. Agogo méje lù, ó jáde. Ojú rẹ̀ balẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó gbé e sáyà, ó ní, "Ẹ̀yin ará ìsàlẹ̀ odò, omi ń bọ̀ wá bá yín lálẹ́ yìí. Ẹ gbé ọmọ yín, ẹ gbé àgbà yín, ẹ jáde kúrò nílé nísinsìnyí." Mo rò nínú ara mi pé ó kà á dáadáa.

Ìyàwó mi yọjú láti ilé ìdáná. Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ké sí ilé kejì pé, "Ẹ sáré wá, ó ti ṣí fìlà." Àwọn ọmọbìnrin méjèèjì sáré wọlé, wọ́n jókòó sílẹ̀, ẹnu wọn ti là sílẹ̀ tán.

Mo ní, "Kí ló ṣe fìlà?"

"Bàbá, ẹ ò mọ̀ ni? Ẹ dákẹ́ ká gbọ́ ná."

"Mo ní kí ló ṣe fìlà."

Ó ní, "Láti ọdún tó ti ń ṣeré. Tó bá ti ṣí fìlà báyẹn, tó wá ṣe ojú òkú, irọ́ tó tóbi jù ló kù tó fẹ́ pa. Ibẹ̀ la ti máa ń rẹ́rìn-ín títí inú á fi máa ro wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá a ṣiṣẹ́."

Kámẹ́rà ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó dì í mú ń rẹ́rìn-ín.

Òun náà rí i. Ó fi ìwé mi sílẹ̀, ó ní, "Mi ò ṣeré. Ẹ jọ̀ọ́, òótọ́ ni mò ń sọ." Àwọn ọmọbìnrin náà ṣubú lu ara wọn. Ìyàwó mi ń nu ojú, ó ní, "Ìyẹn náà wà nínú ẹ̀. Ó máa ń sọ pé òun ò ṣeré." Omi bọ́ lójú ọmọkùnrin náà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà ní eléyìí tuntun, kò ṣe é báyìí rí. Wọ́n gbé ìpolówó ọṣẹ sí i.

Mo pe ọ̀gá àgbà. Ó ní, "Tíṣà, ẹ gbọ́ bí fóònù ṣe ń dún níbí. A ò rí irú ẹ̀ rí." Mo ní kó jẹ́ kí ẹlòmíràn tún un kà, ẹnikẹ́ni, ẹni tó ń gbálẹ̀ pàápàá. Ó ní bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀.

Mo pe ìyá rẹ̀. Ariwo ẹ̀rín ló kọ́kọ́ wọlé. Gbogbo ilé náà ló máa ń kóra jọ sí yàrá rẹ̀ láti wo ọmọ rẹ̀. Mo ní, "Ìyá, òjò ń bọ̀ lóòótọ́. Ẹ kúrò níbẹ̀."

Ó wá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Ẹ̀yin náà, Tíṣà? Ọmọ yìí ti kó yín wọ inú ẹ̀." Mo gbọ́ tó yí ẹnu kúrò lórí fóònù: "Ẹ gbọ́ o, Tíṣà tó máa ń nà wọ́n, òun ló ń ṣàwàdà lórí fóònù yìí." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Mo tún pè é. Kò gbé e mọ́.

Mo jáde, mo dé ibi tí a ti ń wọ mọ́tò. Ẹ̀fúùfù ti bẹ̀rẹ̀, kò sí awakọ̀ tó ń lọ ìsàlẹ̀ odò, orúnkún mi sì ń ro mí. Mo padà sílé. Mo kọ ọ́ bó ṣe rí: mo padà sílé.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Omi ti bo afárá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá

Ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n kó àwọn tí omi lé kúrò nílé lọ. Kíláàsì kẹrin ni mo ti bá ìyá rẹ̀, lórí ẹní, lábẹ́ pátákó tí mo máa ń kọ̀wé sí. Wọ́n ti rí òkú aránṣọ tó wà ní yàrá kejì sí tirẹ̀, àti ọmọ rẹ̀. Wọn ò tíì rí bàbá tó ń tún rédíò ṣe.

Ó sọ ọ́ fún mi láìbèèrè. Ó ní bí ètò náà ṣe parí ni ọmọ òun sáré dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi wá, fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn láti ilé kìíní. Ó ń kan ilẹ̀kùn, ó ń bẹ̀ wọ́n, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn kan gbé àga jáde. Aránṣọ náà ní kó tún ibi tó ti sunkún yẹn ṣe, ọmọ òun ò rí i dáadáa. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó kàn gbé e pọ̀n, ìyá ń gbá a lẹ́yìn, ó ń ní kó sọ òun kalẹ̀, ẹ̀rín ń pa òun, ó sì ń ti òun lójú. Gbogbo ilé sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ó ní, "Aránṣọ ti dìde, Tíṣà. Nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́ nínú tẹlifíṣọ̀n, ó ti dìde, ó fẹ́ lọ di ẹrù. Èmi ni mo ní kó jókòó. Mo ní, ṣé o ò rí i pé ó ti ṣí fìlà ni?"

Ẹni eji bá rí leji ń pa, ni wọ́n ń wí. Mo ní kó sinmi. Mo wo pátákó náà. Ẹnì kan ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye búláńkẹ́ẹ̀tì sí i, ó sì kọ ọ́ dáadáa.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

Oòrùn tó mú, bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Ọ̀gá àgbà sọ̀rọ̀ fún àwọn oníròyìn, ọwọ́ wà láyà. Ó ní ilé iṣẹ́ òun kìlọ̀ fún ará ìlú lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, ní kedere, ní àkókò, ní èdè tó dá ṣáká. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Èmi ni mo kọ èdè náà.

Àwọn mẹ́ta tó wá ṣe ìwádìí ní kí wọ́n fi àwòrán ọjọ́ náà han àwọn. A jọ wò ó. Nígbà tó dé ibi tó ti ní "mi ò ṣeré," ọ̀kan yíjú sí fèrèsé, mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń mì. Wọ́n kọ ọ́ pé kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Wọ́n bi ọmọkùnrin náà léèrè ìdí tó fi ṣí fìlà. Ó ní òun ò mọ̀. Mo wà níbẹ̀. Bàtà mi ni mò ń wò.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlélógún

Wọ́n ti rí bàbá tó ń tún rédíò ṣe.

Àwọn èèyàn ń fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí ara wọn lórí fóònù, títí dé ibi tí òjò kan ò rọ̀ sí. Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ọkùnrin kan fẹ́ fi hàn mí tipátipá. Ó ní, "Bàbá, ẹ wo ibi tó ti sunkún."

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ó mú lẹ́tà rẹ̀ wá hàn mí. Wọ́n ti gbà á síṣẹ́ pátápátá. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ní òpin ètò ní alẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, yóò máa ṣí fìlà, yóò sì gbé e sáyà, nítorí ohun tí àwọn òǹwòran ń béèrè fún nìyẹn. Ó ti fọwọ́ sí i. Ó ní ìyá òun kò lè máa sùn ní kíláàsì títí láé.

Nígbà tí mo wọ pálọ̀, ó dìde dúró fún mi. Ó dùn mí ju kó gbá mi létí lọ.

Mo ní, "O mọ̀ pé wọ́n máa rẹ́rìn-ín."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ ní kí n má jiyàn."

Kò bínú. Bí ọmọdé ṣe ń dáhùn ìbéèrè tó mọ̀ ló ṣe sọ ọ́. Ó wá ní, "Sà, lọ́jọ́ míì tí omi bá tún ń bọ̀, kí ni kí n wá ṣí?"

Mo gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo tún un kà. Mo rí àṣìṣe méjì nínú rẹ̀. Mo fi bíírò pupa yí wọn po.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ

Kùukùu láti ìwọ̀ oòrùn. Mo ti kọ̀wé fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mo ní ojú ń dùn mí. Búrẹ́dì tún gbówó lórí.

Ìyá rẹ̀ wá nírọ̀lẹ́. Ó ti gba yàrá kan lórí òkè, kò sí tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀, ó ní òun ò fẹ́. Ó mú káàdì ìdánwò àtijọ́ náà wá, omi ti fọ gbogbo ohun tí mo kọ síbẹ̀ dànù, ó ku ìlà pupa díẹ̀. Ó gbé e lé mi lórí ẹsẹ̀, ó ní kí n tọ́jú rẹ̀. Mo ní kó jókòó. Kò jókòó. Ìyàwó mi gbé omi wá fún un, kò mu ún.

Ó ní, "Ọmọ mi lóun ò mọ̀. Ó sọ fún àwọn tó ṣe ìwádìí bẹ́ẹ̀, ó sọ fún èmi náà bẹ́ẹ̀. Tíṣà, ìjókòó iwájú ni mo wà láti ọdún méjìdínlógún. Ọmọ yẹn ò fọwọ́ kan fìlà yẹn rí láìmọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ẹ̀yin lẹ wà pẹ̀lú ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ta ló ní kó ṣí i?"